Òkúta Jábọ́ Sójú Ọ̀nà: Kádàrá Ni, àbí Ọwọ́ Wa?

  

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í jìnnà sí ẹnu àwa Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá: "Kádàrá Ọlọ́hun ni." Bí ọjà bá jóná, bí ọkọ̀ bá dànù, bí omi bá gbé ènìyàn lọ, ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Òtítọ́ sì ni. Ìgbàgbọ́ nínú kádàrá, rere rẹ̀ àti búburú rẹ̀, wà lára ohun mẹ́fà tí ìgbàgbọ́ wa dúró lé. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò kì í ṣe bóyá ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òtítọ́. Ìgbà tí à ń sọ ọ́ ni mo fẹ́ kí á wò, àti ẹnu ẹni tó ń sọ ọ́. Ṣé ẹni tí nǹkan kò tíì ṣẹlẹ̀ sí lè di kádàrá mú kí ó lè ṣe ohun tí wọ́n ní kó má ṣe?

Al-Sharafiyah tí à ń gbé ní Jẹ́dà, àdúgbò àlejò ni. Àwọn ará Kerala láti Íńdíà ló pọ̀ níbẹ̀, débi pé bí ẹ bá ń rìn lójú pópó lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ lè gbọ́ èdè Malayalam ju Lárúbáwá lọ. Ilé há, igi kò tó nǹkan, ooru ibẹ̀ sì mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi máa ń wá àyè gun òkè lọ sí Al-Hada, lẹ́bàá Taif. Ẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ Mẹ́kà kọjá, ẹ ó dé ẹsẹ̀ òkè, ọ̀nà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí ejò títí tí ẹ ó fi dé ibi tó ga tó nǹkan bí 2,000 mítà. Afẹ́fẹ́ á tutù. Ẹ ó rí igi tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní arar, tí ewé rẹ̀ ń rùn dáadáa, ẹ ó sì rí àwọn ọ̀bọ tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni tó ń retí sàráà. Yàtọ̀ sí ọ̀nà ọkọ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ kan wà níbẹ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ to òkúta rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ni ràkúnmí àwọn oníṣòwò àti àwọn arìnrìn-àjò Hájì fi ń sọ̀ kalẹ̀ láti Taif lọ sí Mẹ́kà kí mọ́tò tó dé. Àfonífojì jíjìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ṣì ń rìn ín lónìí, àwọn kan fún eré ìdárayá, àwọn kan kí ọmọ wọn lè mọ bí ẹsẹ̀ àwọn baba ṣe rìn.

Ṣùgbọ́n òjò orí òkè yẹn kì í ṣe òjò pẹ̀lẹ́. Ilẹ̀ tó lè fa omi mu kò pọ̀ níbẹ̀, orí àpáta lásán ni òjò ń rọ̀ sí, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ló ń ya lọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì máa yí òkúta níwájú rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá ti burú, àwọn aláṣẹ máa ń ti ọ̀nà Al-Hada pa.

Ní ọdún kan, lẹ́yìn irú òjò bẹ́ẹ̀, ìdílé mẹ́rin nínú wa jọ gòkè lọ. Wọ́n ti ṣí ọ̀nà ọkọ̀, a sì rò pé ọ̀nà ẹsẹ̀ náà á ti dára. A kò tíì rìn jìnnà tí a fi rí i pé omi ti hú òkúta ilẹ̀ ibì kan kúrò, igi arar kan dùbúlẹ̀ gbọọrọ, gbòǹgbò rẹ̀ kọjú sókè, òkúta kan tó tóbi bíi fíríìjì sì jókòó sí àárín ọ̀nà. Ẹnìkan ti so tépù pupa àti funfun mọ́ òkúta méjì, ó fi dí ọ̀nà. Kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan níbẹ̀. Alhaji tó jẹ́ àgbà nínú wa ní, "Ẹ jẹ́ á rọra kọjá. A ti jìnnà sílé. Ohun tí Ọlọ́hun kò bá kọ mọ́ wa, kò lè ṣe wá." Ìyá Ràmọ́tà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Alhaji, ẹ má bínú sí mi, bàbá wa ni yín. Ọlọ́hun tó kọ kádàrá náà ló jẹ́ kí ẹnìkan so tépù yìí kí á tó dé." Alhaji wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọbìnrin yìí ti bá òun jà láìgbé ọwọ́ sókè. A padà sókè, a jẹun lórí koríko, àwọn ọ̀bọ sì bá wa pín in láìtọrọ.

Mi ò ka ọ̀rọ̀ Alhaji sí ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan o. Ó ní ìpìlẹ̀ nínú Súrà Tawba, níbi tí Ọlọ́hun ti kọ́ Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pé kò sí ohun tó lè bá wa àyàfi èyí tí Òun kọ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹsẹ náà ti wá. Ó wà fún àwọn tó ti ń jáde lọ sí ojú iṣẹ́ tí Ọlọ́hun rán wọn, tí àwọn ẹlẹ́gàn ń yọ̀ bí ìyà bá jẹ wọ́n. Ó fún wọn ní ìfọ̀kànbalẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìrìn afẹ́ tiwa kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ náà kò sì di ìwé àṣẹ tí ènìyàn lè fi kọjá tépù.

Ìtàn Umar ọmọ Khattab ló ràn mí lọ́wọ́ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń lọ sí Ṣáámù, ó dé ibì kan tó ń jẹ́ Sargh, àwọn olórí ogun wá pàdé rẹ̀, Abu Ubaydah ọmọ Jarrah sì wà lára wọn. Wọ́n ní àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níwájú. Umar kò dá ìpinnu ṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni olórí gbogbo Mùsùlùmí. Ó pe àwọn Muhajirun, ẹnu wọn kò kò. Ó pe àwọn Ansar, ẹnu tiwọn náà kò kò. Ìgbà tó pe àwọn àgbà Kuraẹ́ṣì ni gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan pé kí ó darí padà. Abu Ubaydah wá bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Ìdáhùn rẹ̀, tó wà nínú Bukhari àti Muslim, ni pé bẹ́ẹ̀ ni, inú kádàrá Ọlọ́hun kan náà ni òun sì ń sá lọ. Ó fi àfonífojì ṣe àkàwé fún un: bí ènìyàn bá da ràkúnmí rẹ̀ dé àfonífojì tí apá kan rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ tí apá kejì gbẹ, èyí tó bá dà wọ́n sí nínú méjèèjì, kò tíì jáde kúrò nínú kádàrá. Ẹ kíyè sí i: níwọ̀n ìgbà tí ìhà méjèèjì jẹ́ kádàrá, kádàrá kò lè sọ fún darandaran ibi tí yóò gbà. Ojú rẹ̀ ló máa fi wo koríko.

Àwọn oníwàásù kan máa ń dá ìtàn náà dúró síbẹ̀, mo sì rò pé wọ́n ń gé e kúrú. Abdur-Rahman ọmọ Awf dé lẹ́yìn náà, ó ròyìn ohun tó gbọ́ lẹ́nu Ànábì: bí àrùn bá wà ní ìlú, kí ará ìta má wọ̀ ọ́, kí ará ilé má sì sá jáde. Umar padà sí Mẹ̀dínà. Abu Ubaydah padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun rẹ̀, àrùn náà ló sì pa á. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wàá tí Ànábì fún ní ìròyìn Àlùjánńà ni. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kì í ṣe pé kí á máa sá ní gbogbo ìgbà. Ẹrù wà lórí Abu Ubaydah níbẹ̀. Kò sí ẹrù tó ń fa Umar wọ ìlú náà. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó dúró níwájú tépù bi ara rẹ̀ nìyẹn: kí ló fẹ́ lọ ṣe lọ́hùn-ún? Ẹni tó gbọ́ igbe ọmọ lódìkejì àti ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò kò sí nínú ipò kan náà.

Àdúà kan tún wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ọ̀dá dá ní Mẹ̀dínà, ọkùnrin kan wọ mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀, ó bẹ Ànábì pé kí ó tọrọ òjò. Òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá títí Jímọ̀ mìíràn fi dé. Wọ́n tún wá, wọ́n ní dúkìá ń ṣègbé, ọ̀nà ti dí. Ànábì kò bẹ Ọlọ́hun pé kí ó ká òjò kúrò pátápátá. Ohun tó tọrọ ni pé kí ó máa rọ̀ sí àyíká, kí ó má rọ̀ lé wọn lórí, kí ó lọ sórí òkè kéékèèké, sínú àfonífojì àti sí ibi tí igi ti ń hù. Bí mo bá ti rántí èyí, ó máa ń yí ojú tí mo fi ń wo igi tó wó ní Al-Hada padà. Ibi tí wọ́n tọrọ pé kí òjò lọ gan-an nìyẹn. Àfonífojì kò bàjẹ́ nígbà tí omi gbà á kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Àwa ni a lọ la ọ̀nà síbẹ̀.

Mẹ́kà fúnra rẹ̀, àfonífojì ni. Nínú Súrà Ibrahim, ẹsẹ 37, Ànábì Ibrahim sọ fún Olúwa rẹ̀ pé òun fi nínú àrọ́mọdọ́mọ òun sí àfonífojì tí ohun ọ̀gbìn kò sí. Hájárà bi í bóyá Ọlọ́hun ló pàṣẹ rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Hájárà sì sọ pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, Ọlọ́hun kò ní fi àwọn sílẹ̀. Kò sí ìgbáralé Ọlọ́hun tó ju ìyẹn lọ. Síbẹ̀, nígbà tí omi tán, kò jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe Hájì tàbí Úmúrà mọ ibi tí iná aláwọ̀ ewé wà láàárín Safa àti Marwa, tí àwọn ọkùnrin ti máa ń sáré díẹ̀. Ìsàlẹ̀ àfonífojì àtijọ́ ni ibẹ̀. Níbẹ̀ ló ti sáré, àwọn àlùfáà sì máa ń ṣàlàyé pé ilẹ̀ ibẹ̀ lọ sílẹ̀ tí kò fi rí ọmọ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó sọ pé Ọlọ́hun kò ní fi òun sílẹ̀ náà ló ń sáré yẹn.

Omi kò sì yéé wọ àfonífojì yẹn. Kí Ànábì wa tó gba iṣẹ́ ìránṣẹ́, àgbàrá wà lára ohun tó sọ ògiri Kábà di aláìlágbára tí àwọn Kuraẹ́ṣì fi tún un kọ́, níbi tí wọ́n ti fẹ́ bára wọn jà lórí ẹni tí yóò gbé Òkúta Dúdú sí àyè rẹ̀, tí Ànábì sì parí ìjà náà pẹ̀lú aṣọ kan. Ní ayé Umar, ní ọdún 17 Híjírà, àgbàrá kan tí wọ́n ń pè ní Umm Nahshal gbé Màkámù Ibrahim kúrò ní ipò rẹ̀. Umar gbéra láti Mẹ̀dínà, ó dá a padà sí àyè rẹ̀, ó sì mọ odi sí òkè ìlú kí omi má bàa tún ya wọ Haramu. Ní 1630, omi wó Kábà, ìyẹn ló sì fà á tí wọ́n fi tún un kọ́ ní ayé Sultan Murad IV. Ní 1941 náà, omi kún àgbàlá rẹ̀ débi pé àwọn kan lúwẹ̀ẹ́ yí Kábà ká. Fọ́tò rẹ̀ ṣì wà.

Mo ka gbogbo èyí nítorí àwọn tí ahọ́n wọn máa ń yá. Bí ìjì bá jà ní ìlú kan, wọ́n á ní ẹ̀ṣẹ̀ ará ibẹ̀ ló fà á. Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ nípa Kábà? Bí omi bá lè wọ Ilé Ọlọ́hun, kí á ṣọ́ ẹnu wa lórí ilé ọmọnìkejì. Ẹ tún wo Umar yẹn: ẹni tó fi kádàrá dá Abu Ubaydah lóhùn náà ló mọ odi.

Ìjọba mìíràn, ìgbà mìíràn, omi kan náà. Ní 25 Novẹ́ńbà 2009, ọjọ́ kẹjọ Dhul-Hijja 1430, tí àwọn alálàájì ń lọ sí Mina, òjò tó lé ní 70 mílímítà rọ̀ ní Jẹ́dà láàárín wákàtí mélòó kan. Ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tó kú. Àdúgbò Quwayzah ní ìlà-oòrùn ìlú ló fara gbá a jù, nítorí ojú ọ̀nà omi tó ń bọ̀ láti orí òkè ni wọ́n kọ́ ilé sí. Ọ̀pọ̀ inú ọkọ̀ ni omi bá. Ọba Abdullah kò fi ọ̀rọ̀ náà sí kádàrá nìkan. Ó gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, ó fi gómìnà Mẹ́kà, Ọmọba Khalid al-Faisal, ṣe olórí rẹ̀, ó pàṣẹ mílíọ̀nù kan ríyàlì fún ìdílé olóògbé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn agbaṣẹ́ṣe lọ sílé ẹjọ́. Omi tún dé ní January 2011, ìdènà omi kan sì já. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mọ ìdènà tuntun, tí wọ́n la ojú ọ̀nà fún omi. Ní 24 Novẹ́ńbà 2022, òjò 179 mílímítà rọ̀ ní apá gúúsù Jẹ́dà, ó ju ìlọ́po méjì ohun tí mo kọ sókè nípa 2009. Àwọn méjì ló kú. Lóòótọ́, ibi tí òjò méjèèjì ti rọ̀ jù kò dọ́gba, ẹ̀mí méjì kì í sì í ṣe nǹkan kékeré lọ́dọ̀ ẹni tó bí wọn. Ṣùgbọ́n kádàrá wà ní 2009, ó wà ní 2022. Ohun tó yí padà ni kòtò, ìdènà, àti ìkìlọ̀ tó wọ fóònù wa.

Àwa ará Ìbàdàn kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní èyí. Ní 31 Ọ́gọ́ọ̀sì 1980, Ògùnpa kún, ó gbé ilé àti ènìyàn, a sì ń pè é ní ọdún omíyalé títí dòní. Ní 26 Ọ́gọ́ọ̀sì 2011, ó tún ṣẹlẹ̀, afárá já káàkiri ìlú, ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tó bá a lọ. Àwọn baba wa ti ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn kan ń pa òwe yìí bí ẹni pé ìjà agbára lásán ni. Gbígbà tàbí àìgbà onílé wà nínú ibi tó kọ́lé sí, àti nínú ìdọ̀tí tó dà tàbí tí kò dà sí ojú odò.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí á fojú fò. Ẹni tó ra ilẹ̀ ní Quwayzah, tó ní ìwé, tó rí pópó àti iná ìjọba, kò kọjá tépù kankan. Kò sẹ́ni tó so tépù fún un. Bí a bá lọ kí opó rẹ̀, "Kádàrá Ọlọ́hun ni" ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kí á sọ, á sì tù ú nínú. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ náà bá sọ gbólóhùn kan náà níwájú adájọ́, irọ́ ló fi òtítọ́ pa.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí tépù. Ànábì kọ́ wa pé ìgbàgbọ́ ní ẹ̀ka tó lé ní ọgọ́ta, èyí tó kéré jù nínú wọn sì ni kí á mú ohun ìpalára kúrò lójú ọ̀nà. Ó tún sọ ti ọkùnrin kan tó rí ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún lójú ọ̀nà, tó gbé e kúrò, tí Ọlọ́hun sì torí ìyẹn dárí jì í. Òṣìṣẹ́ tó gun òkè Al-Hada nínú òtútù lọ so tépù, nígbà tí kò tíì rí katakata tó máa gbé òkúta náà, sàráà ló ṣe fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀ ti ti sàráà náà padà. Bí ó bá sì ṣubú, àwọn òṣìṣẹ́ Ààbò Ará Ìlú ló máa fi okùn so ara wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé e, bóyá ní àkókò ìṣínu, tí ọmọ wọn ń dúró dè wọ́n nídìí dàbínù. Nílẹ̀ Sàúdí, òfin ìrìnnà fi ìtánràn 5,000 sí 10,000 ríyàlì sí ẹni tó bá wa ọkọ̀ wọ àfonífojì nígbà tí omi ń ṣàn. Àwọn kan ní ó pọ̀ jù. Ẹ̀mí olùgbàlà kan ńkọ́?

Àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń bèèrè pé ta ló máa mọ̀ bí àwọn bá kọjá, nígbà tí kò sí ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ ló ń béèrè bẹ́ẹ̀! Ní aago méjì ọ̀sán, omi tútù wà nínú fíríìjì, ilẹ̀kùn yàrá sì ní kọ́kọ́rọ́. Ta ló máa mọ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bìrìtìkó, igbó àti àfonífojì tiyín kò ní ọ̀bọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìjì. Ìjì Arwen ní ìparí Novẹ́ńbà 2021 wó àràádọ́ta ọ̀kẹ́ igi. Igi tó wó tán kọ́ ló ń pani jù. Èyí tó fara ti òmíràn, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti já lábẹ́ ilẹ̀, lè dúró ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó wó lọ́jọ́ tí atẹ́gùn kankan kò fẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ti ọ̀nà igbó pa nígbà tí oòrùn ti ń ràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àfonífojì ilẹ̀ Lárúbáwá: omi lè ya dé bá yín lábẹ́ ọ̀run tó mọ́ kedere, nítorí orí òkè tó jìnnà ni òjò ti rọ̀. Ojú lásán kò tó láti fi dájọ́ níbẹ̀. Ẹni tó so tépù lè mọ ohun tí ẹ kò rí. Mi ò sì sọ pé kí á máa jókòó sílé o. Àlùkùránì pè wá léraléra pé kí á rìn lórí ilẹ̀ kí á sì wò ó, ọmọ tí kò bá sì rí ju ògiri Sharafiyah lọ, kí ló máa fi ronú nípa ẹni tó dá òkè?

Ààwẹ̀ ń sún sẹ́yìn lọ́dọọdún. Ní Jẹ́dà, láti Novẹ́ńbà sí January ni òjò máa ń rọ̀ jù, Ràmàdáánì sì ń bọ̀ wá wọ àsìkò yẹn. Ní 2030, a máa bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún kan, ní January àti ní ìparí Disẹ́ńbà. Ọ̀pọ̀ ìdílé á máa gbé ìṣínu lọ sórí òkè. Mo rọ̀ yín, kí ẹ tó gbéra, ẹ bi ara yín nílé, níwájú àwọn ọmọ: nínú ọkọ̀ wa, ta ló láṣẹ láti sọ pé kí á padà, kí bàbá sì gbọ́ ọ? Ní Sargh, Umar bi àwùjọ mẹ́ta kí ó tó yí orí ràkúnmí rẹ̀ padà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tiwa, ẹni tó di sitẹ́rìnì mú nìkan ló ń sọ̀rọ̀.